Ohùn Tí Mo Fi Sẹ́nu Ẹhànnà

Ọjọ́ kan wà tí mi ò ní gbàgbé títí wọ́n á fi da erùpẹ̀ lé mi lórí. Lọ́jọ́ náà, nínú pálọ̀ kan ní Emùré, ẹ̀dá burúkú kan tí mo fọwọ́ ara mi ṣe sínú géèmù la ẹnu, ohùn ìyá ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́ ló sì fi sọ̀rọ̀. Ìyá náà wà níjòókòó. Àwọn àbúrò rẹ̀ méjì wà níjòókòó. Èmi náà wà níbẹ̀ nínú aṣọ funfun tí eruku ti bà jẹ́, mò ń wá ihò tí mo lè kó sí.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ lè rí bí òmùgọ̀ tó kàwé ṣe máa ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá ẹ̀tẹ́.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ìkẹ́rẹ́. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ni bàbá mi, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ olùkọ́, ibẹ̀ ni mo sì dàgbà sí kí gbogbo wa tó padà wálé. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìwé ìtàn òyìnbó kan wà tí mo fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ, ìtàn àwọn akọni elẹ́ṣin, òkè tó ń yọ iná, àti àwọn ẹ̀dá abàmì inú ihò. Nígbà tí èmi àti Káyọ̀dé ọ̀rẹ́ mi, tó jẹ́ ayàwòrán, wá pinnu pé a máa ṣe géèmù tí àwọn ọmọ wa lè máa ṣe lórí fóònù, mo ní orí ìtàn yẹn la máa kọ́ ọ lé. Mo wá ìwé náà rí, mo tún un kà.

Inú bí mi débi pé mo ju ìwé náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Gbogbo ẹni rere inú rẹ̀ ló funfun bí òwú. Gbogbo ẹni tó dúdú níbẹ̀, olè ni, tàbí apààyàn, tàbí ẹrú tó ń gbọ̀n. Òyìnbó tó kọ ọ́ kò tiẹ̀ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ bí èèyàn. Ó ní ṣe ni wọ́n ń kùn, tí wọ́n ń gbó. Ó ní bí wọ́n ṣe bí wọn nìyẹn. Ọkùnrin tí kò kúrò nídìí àdògán ìyá rẹ̀ rí, tí kò mọ̀ bóyá ẹnu la fi ń jẹun tàbí etí, òun ló jókòó tó ń dájọ́ ẹ̀jẹ̀ wa. Èmi náà, ọmọ dúdú Ìbàdàn, mo sì ti fi ìwé yẹn ṣe ìrọ̀rí sùn láìmọye ìgbà. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Bí mo ṣe di wòlíì nìyẹn. Tí mo bá wọ yàrá àwọn olùkọ́, mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jẹ ẹ̀pà rẹ̀ ní àlàáfíà. Mo máa sọ̀rọ̀ nípa ìkà tó wà nínú ìwé àwọn òyìnbó àtijọ́, àti bí èmi ṣe fẹ́ fọ ìtàn náà mọ́ kí gbogbo ọmọ aráyé lè rí ojú ara wọn nínú rẹ̀. Olùkọ́ àgbà kan, ọkùnrin tí kì í sábà sọ̀rọ̀, gbójú sókè lọ́jọ́ kan, ó ní, "Omi wo lo fẹ́ fi fọ̀ ọ́?" Mo dá a lóhùn pé ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ lèyí, kò lè tètè yé àwọn àgbà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ń bó ẹ̀pà rẹ̀ lọ.

Ìfọṣọ bẹ̀rẹ̀. Àwọn akọni la kọ́kọ́ mú. Káyọ̀dé kun gbogbo wọn ní dúdú láàárín ọ̀sán kan, ṣùgbọ́n ó fi irun wúrà sílẹ̀ lórí wọn nítorí ọwọ́ rẹ̀ ti rẹ̀. Wọ́n wá dà bí ẹni tó ṣubú sínú àpò èédú lọ́nà ibi ìgbéyàwó. Mo ní kò burú, a óò tún un ṣe tó bá yá. Ó kan àwọn ẹni ibi, tí a sọ ní Ẹhànnà. Òyìnbó ti kùn wọ́n ní dúdú, nítorí náà mo ní kí Káyọ̀dé kùn wọ́n ní àwọ̀ ewé. Mo fẹsẹ̀ janlẹ̀ pé ẹni tó ní àwọ̀ ewé kò ní ìlú, kò ní ẹbí, kò sẹ́ni tó máa bínú nítorí rẹ̀. Ọgbọ́n ọ̀hún wú mi lórí débi pé mo tún lọ sọ ọ́ ní yàrá àwọn olùkọ́.

Ó kan ibi tí wọ́n ń gbé. Mo kọ́kọ́ fi àwọn Ẹhànnà sábẹ́ àpáta ńlá kan tí Káyọ̀dé yà, ó sì jọ Olósùnta, àpáta ìlú wa, bí ìgbà tí wọ́n bí wọn ní ìbejì. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ni Káyọ̀dé. Ó wò ó, ó wò mí.

"Ìwọ, o fẹ́ kó àwọn jàǹdùkú sábẹ́ Olósùnta, kí o sì máa gbé Ìkẹ́rẹ́?"

Ó tọ́. Mo fi àwọn akọni sórí àpáta, mo sì kó àwọn Ẹhànnà lọ sí ìsàlẹ̀, lójú ọ̀nà pupa kan tó gba inú oko àti odò kékeré kọjá. Mi ò ro ibì kankan. Tàbí kí n sọ pé mi ò fẹ́ rò ó pé ọ̀nà pupa tí mo máa ń gbà kọjá Ìsẹ̀ lọ sí Emùré lọ wá ọmọge ló wà lójú mi.

Orúkọ ọmọge yẹn ni Fadékẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Adó, òpin ọ̀sẹ̀ ló máa ń lọ sílé ìyá rẹ̀ ní Emùré. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni ìyá náà, opó ni wọ́n, ojú wọn sì lè mú kí gàrí há èèyàn lọ́fun. A ti fẹnu kò pé kí àwọn òbí mi wá mọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n Màmá, bí gbogbo wa ṣe ń pe ìyá náà, ní ó ku ohun kan. Wọ́n ní iṣẹ́ tí òun gbọ́ pé ọmọkùnrin yìí ń ṣe kò yé òun, kó gbé e wá kí òun fojú rí i. Ó túmọ̀ sí pé tí géèmù bá wù wọ́n, bàbá mi lè máa bọ̀. Tí kò bá wù wọ́n, kí n wá ọmọge míì sí ìlú míì. Fadékẹ́ ni mo sì fẹ́, mi ò fẹ́ ẹlòmíràn.

Ohun tó kù nínú géèmù ni ohùn. Àwọn akọni, mo fún wọn ní Yorùbá orí rédíò, èyí tó ń dán bíi bàtà tuntun. Ti àwọn Ẹhànnà ló wá di wàhálà. Mo fẹ́ nǹkan tó ki, tó wúwo, tó dún bí ẹni tó ń ti inú igbó bọ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, mò ń gbé Fadékẹ́ bọ̀ láti Adó, ó tẹ ohùn tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí i lórí fóònù. Olè ti wọ ẹ̀yìnkùlé wọn, ó ti kó iṣu tí wọ́n tò síbẹ̀. Màmá wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ lédè Emùré: "Mo ti sọ, mo tún sọ: uṣu mi dà? Ẹni tó wọ ulé mi, tó kó uṣu mi, kó jáde wá." Ó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n èmi tí wọ́n tọ́ ní Ìbàdàn, ohun tí etí mi mú kò ju ìyẹn lọ. Fadékẹ́ fa ojú ro. Èmi, ẹ̀rín ni mò ń gbé mì nídìí ọkọ̀.

Ní ọjọ́ kejì, mo da bùláńkẹ́ẹ̀tì borí, mo wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo sọ ọ́ sínú maikirofóònù, mo sì fi ẹ̀rọ ki ohùn náà mọ́lẹ̀. Káyọ̀dé rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní, "Níbo lo ti rí irú eléyìí?" Mo ní ẹ̀bùn ni.

Ọjọ́ tí mo máa lọ pé. Mo wọ bùbá àti ṣòkòtò funfun, mo yá sípíkà ńlá ti ṣọ́ọ̀ṣì Káyọ̀dé, mo gbé e sí búùtù. Ọ̀gbẹlẹ̀ ni, eruku sì ń gbé ara rẹ̀ ga. Kọjá Ìsẹ̀ díẹ̀, mo já sí kòtò kan, mo gbọ́ gbàmù lẹ́yìn. Sípíkà ti fẹnu balẹ̀. Ìgbà tí mo gbé e dìde, kókó tí wọ́n fi ń yí ohùn sókè sódò ti kán, ibi tó ga jù ló sì kán sí. Mo gbọn eruku, ó tún lẹ̀ mọ́ mi sí i. Bí mo ṣe dé Emùré, aṣọ mi ti di aláwọ̀ amọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ fún Màmá, báàgì kọ̀ǹpútà tó wà lọ́rùn mi fì síwájú, ó gbá ife omi àbúrò wọn kan dànù.

"Dìde, dìde," Màmá sọ. "Kí o má baà fọ́ ilé."

Wọ́n gbé iyán fún mi. Wọ́n ní kí n má bínú, iyán náà kò rí bó ṣe yẹ kó rí. "Irú èbù iṣu kan ni ọkọ mi gbà wá láti Ìrò kó tó kú. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbìn ín, tí mo ń gbin ọmọ rẹ̀. Òun ni wọ́n kó tán yẹn. Eléyìí, ọjà ni mo ti rà á." Mo mi orí bí ẹni tó káàánú, mo sì bu òkèlè míì. Mi ò ronú kan ohunkóhun. Bí ẹ bá ń wá ibi tí òmùgọ̀ máa ń fi ọpọlọ rẹ̀ sí, ẹ lọ wò ó nínú àwo ọbẹ̀.

Iná kò sí. A tan jẹnẹrétọ̀, a so wáyà mọ́ wáyà, tẹlifíṣọ̀n tàn. Mo wá dìde, mo tún ọ̀fun ṣe, mo ṣe ìwàásù mi. Mo sọ bí òyìnbó ṣe bú wa, bó ṣe ní a kì í sọ̀rọ̀ bí èèyàn, bí èmi ṣe wá gba ìtàn náà lọ́wọ́ rẹ̀ tí mo fọ̀ ọ́ mọ́. Orí Màmá wú. Wọ́n ní òyìnbó náà kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Àbúrò wọn kan béèrè ìdí tí irun àwọn akọni fi pọ́n bẹ́ẹ̀, mo ní oòrùn ló pa á. Fadékẹ́ ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi láti ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì, mo sì ti ń rí bàbá mi nínú agbádá.

Màmá ní, "Gbé e wá, èmi fúnra mi ni mo fẹ́ ṣe é." Mo gbé fóònù lé wọn lọ́wọ́, mo fi ibi tí wọ́n máa tẹ̀ hàn wọ́n. Wọ́n yára mọ̀ ọ́n. Wọ́n sọ̀kalẹ̀ láti orí àpáta, wọ́n gba ọ̀nà pupa, wọ́n kọjá lódò.

"Ọ̀nà yìí jọ ọ̀nà wa."

"Ó kàn jọra lásán ni, mà."

Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ilé Ẹhànnà, wọ́n ti ìlẹ̀kùn. Ẹhànnà aláwọ̀ ewé jáde. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì gbé ohùn náà, ó sì gbé e dé òpópónà: "MO TI SỌ, MO TÚN SỌ: UṢU MI DÀ?"

Láti ìta, aládùúgbò kan dáhùn lórí fẹ́ǹsì, àánú sì wà lóhùn rẹ̀: "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Màmá. Ṣé wọ́n tún wá kó o ni?"

Mo fò mọ́ sípíkà, kókó kò yí. Bí mo sì ṣe ṣe géèmù náà, Ẹhànnà kò ní dákẹ́ títí wọ́n á fi pa á. Ló bá ń sọ ọ́ lọ. Uṣu mi dà, ulé mi dà, mo ti sọ, mo tún sọ. Fadékẹ́ kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ń wò mí bí ẹni tó ń wo àwòrán olè lára ògiri àgọ́ ọlọ́pàá. Àbúrò Màmá kejì ní ká pa jẹnẹrétọ̀, ṣùgbọ́n Màmá gbọ́wọ́ sókè.

"Kí ni mo máa ṣe fún un kó tó dákẹ́?"

"Ẹ máa pa á ni, mà."

"Ṣé kò sí nǹkan míì tí mo lè ṣe?"

"Kò sí, mà."

"Kí ló ṣe tí mo fi máa pa á?"

Mo ní, "Ẹhànnà ni, mà. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn."

Gbólóhùn òyìnbó yẹn ló jáde lẹ́nu mi, odindi rẹ̀. Mo gbọ́ ọ nígbà tó ti bọ́.

Màmá gbé fóònù sórí tábìlì jẹ́jẹ́. Wọ́n sọ̀rọ̀ sí mi lédè Emùré láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Yorùbá inú ìwé ni màá fi tún un sọ fún yín o, nítorí ẹ ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí mo sín ohùn wọn jẹ kẹ́yìn. Wọ́n ní, "Òyìnbó tó bú wa yẹn, kò mọ̀ wá rí. Kò dé ibí, kò bá wa jókòó. Ìwọ, o ti jẹ iyán mi. Ọwọ́ rẹ kò tíì gbẹ. O gbọ́ ohùn opó tó ń sunkún ohun tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, ohun tó wá sí ọ lọ́kàn ni pé ohùn ẹranko nìyẹn. O wá kó apààyàn onírun pupa ránṣẹ́ sí ilé rẹ̀, o ní akọni ni. Ẹni tí wọ́n kó iṣu rẹ̀, tó ní iṣu òun dà, kí ni kò dára nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀?"

Ojú tì mí, mo ń gbọn eruku ṣòkòtò alámọ̀ yẹn. Fadékẹ́ ló wá sọ̀rọ̀, kì í sì í ṣe èmi nìkan ló bá wí.

"Mọ́mì, ẹ̀yin náà ńkọ́? Nígbà tí ẹ jẹ́ ọ̀gá wa, ẹ máa ń nà wá tí a bá sọ pé ulé ní kíláàsì. Ẹ ní èdè oko ni."

Màmá wò ó. "Ìyẹn náà wà níbẹ̀," wọ́n sọ. Wọ́n wá yíjú sí mi. "Má tíì pe bàbá rẹ."

Mo gbé sípíkà mi, mo dọ̀bálẹ̀, mo lọ. Aládùúgbò orí fẹ́ǹsì ń kí mi, ó ní kí n bá wọn wá olè náà.

Mi ò tíì gọ̀ tán. Nígbà tí mo délé, ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo fún àwọn Ẹhànnà ní Yorùbá rédíò, mo sì pe Fadékẹ́ pé ìṣòro ti tán. Ó ní, "Ṣé akọni ṣì ń wọ ilé wọn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ṣé wọ́n ṣì ń pa wọ́n?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ń kú, wọ́n á máa sọ Yorùbá tó dán. Ó pa fóònù rẹ̀. Ibẹ̀ ni ojú mi tó là. Àwọ̀ ni mò ń pààrọ̀ láti ọjọ́ yìí, mò ń pààrọ̀ òkè, mò ń pààrọ̀ ohùn, ṣùgbọ́n egungun òyìnbó yẹn wà níbẹ̀ síbẹ̀: pé àwọn kan wà láyé tí wọ́n bí fún pípa, tí a kò gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè wọn. Ohun tó yẹ kí n kọ́kọ́ jù nù nìyẹn. Òun nìkan ni mi ò fọwọ́ kàn.

A tú géèmù náà palẹ̀. Káyọ̀dé gé irun wúrà. Nínú èyí tuntun, ẹni tó bá gbọ́ tí wọ́n ní "uṣu mi dà" gbọ́dọ̀ lọ wá iṣu náà rí, ó sì lè já sí pé lórí àpáta lọ́dọ̀ àwọn akọni ló wà. Ọba àwọn akọni orí àpáta náà kò sọ Yorùbá rédíò mọ́, èdè Emùré ló ń sọ. Mo padà sí Emùré, mo bẹ Màmá kí wọ́n bá mi sọ ohùn náà fúnra wọn. Wọ́n jẹ́ kí n bẹ̀ wọ́n dáadáa kí wọ́n tó gbà. Wọ́n wá jókòó ti maikirofóònù bí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó fẹ́ ka orúkọ àwọn apẹ́lẹ́yìn, wọ́n sọ ohùn opó, wọ́n sọ ohùn ọba. Èmi náà gbìyànjú láti sọ ti ẹ̀ṣọ́ kan. Wọ́n ní kí n dákẹ́, pé ẹnu mi dà bí ẹni tí eyín ń ro. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ ni wọ́n tó sọ pé bàbá mi lè wá.

Ọjọ́ tí ẹbí mi lọ, bàbá mi ti kọ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá olóyinmọmọ sórí, wọ́n sì sọ ọ́ títí ó fi tán. Èrò ibẹ̀ kò pọ̀, àwa díẹ̀, àwọn díẹ̀. Màmá tẹ́tí sílẹ̀, ojú wọn le. Nígbà tí bàbá mi jókòó, wọ́n wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

"Mo ti sọ, mo tún sọ: uṣu mi dà?"

Bàbá mi wo ìyá mi. Ìyá mi wo ilẹ̀. Láti orí fẹ́ǹsì, ohùn kan ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Màmá." Mo ti dìde ní tèmi, mo ti sáré dé ìdí ọkọ̀. Láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni mo ti ń lọ sí Ìrò, tí mò ń ti oko kan bọ́ sí òmíràn, tí mò ń béèrè irú èbù tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀, títí mo fi rí bàbá arúgbó kan tó rántí ọkọ wọn. Mo gbé apẹ̀rẹ̀ èbù náà lérí nínú aṣọ funfun, mo wọlé, mo kúnlẹ̀. Màmá mú ọ̀kan, wọ́n fi èékánná ha èèpo rẹ̀, wọ́n gbé e súnmọ́ imú. Omi ti wà lójú wọn.

"Gbé e wọ ulé," wọ́n sọ.

Fadékẹ́ ti di ìyàwó mi báyìí. Ohun tí mo rí kọ́ kò ju ìbéèrè olùkọ́ àgbà yẹn lọ: ẹni tó bá fẹ́ fọ ìdọ̀tí aláìmọ̀kan ilẹ̀ òkèèrè, kó kọ́kọ́ bojú wo omi inú garawa tirẹ̀. Mo lọ sọ fún un pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ́. Ó ní òun ti mọ̀, ó sì bu ẹ̀pà fún mi. Ní ti Màmá, ibi yòówù kí a ti pàdé, ìbáà ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì níwájú àlùfáà, wọn kì í pe orúkọ mi mọ́. Wọ́n á ní, "Ẹhànnà ti dé." Èmi náà á rẹ́rìn-ín, n óò dọ̀bálẹ̀, n óò sì dá wọn lóhùn pé mo ti dé, mà.